Orúnkún Ń Jẹ́rìí: Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Fẹ̀sùn Kan Ẹnikẹ́ni

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun tí Ó dá ènìyàn láti inú amọ̀, tí Ó to egungun rẹ̀ léra, tí Ó sì fi iṣan so wọ́n pọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìlànà wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Òwe kan wà tí gbogbo wa ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dùn létí, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e lọ síwájú adájọ́ Mùsùlùmí, kò ní í dúró. Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Òwe náà kò mú ẹlẹ́rìí kankan wá láti fi hàn pé ọ̀kan ló fa èkejì. Síbẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ ìdílé, ní Kàbà àti káàkiri ilẹ̀ Okun, fi ń dá ẹjọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ènìyàn wọn bá dédé kọ iṣẹ́.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹsẹ̀ baálé ilé kan á rọ. Wọ́n á ní ó ti tẹ oògùn lójú ọ̀nà oko. Wọ́n á rántí pé òun àti àbúrò rẹ̀ ti jà nítorí ilẹ̀. Tàbí kí ó jẹ́ ọmọdé ni kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́, ojú gbogbo ilé á sì yí sí ìyá àgbà tó ń dá gbé ní ẹ̀yìnkùlé. Kí wọ́n tó ronú kan ilé ìwòsàn, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ aláwo. Ó sì dunni láti sọ pé àwọn kan tí wọ́n ń jẹ́ àlùfáà náà ń tẹ yanrìn láti fi wá orúkọ ẹni tó ṣe é. Nígbà tí yóò bá fi di oṣù mẹ́ta, nǹkan méjì ló ti bàjẹ́: ẹsẹ̀ aláìsàn, àti okùn ìbí.

Kí ni ẹ̀sìn wa sọ? Nínú Súrátul-Hujurāt, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa pé bí ẹni tí a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé bá mú ìròyìn wá, kí á wádìí rẹ̀, kí á má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn ènìyàn ní ibi, kí á sì wá kábàámọ̀ rẹ̀. Ìwádìí yìí ni Lárúbáwá ń pè ní tabayyun. Nínú súrà kan náà, Ó kọ̀ fún wa láti máa ro èrò búburú sí ọmọlàkejì. Ìlànà ìdájọ́ tí Ànábì sì fi lélẹ̀ ni pé ẹni tó bá pe ẹjọ́ ni kí ó mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí yìí ni bayyinah.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn lóṣù yìí ni èyí: nígbà tí ẹsẹ̀ bá kọ iṣẹ́, níbo ni a ó ti rí ẹ̀rí? Ìdáhùn náà sún mọ́ wa ju ilé aláwo lọ. Ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni Ọlọ́hun fi ẹlẹ́rìí sí, orúnkún sì wà lára àwọn ẹlẹ́rìí náà.

Bí orúnkún ṣe ń sọ̀rọ̀

Bí ẹ bá ti tẹ̀lé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i. Dókítà á mú aláìsàn jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa rọ̀ dirodiro láìkan ilẹ̀. Á wá fi òòlù kékeré olórí rọ́bà gbá a jẹ́jẹ́ ní ìsàlẹ̀ egungun pẹlẹbẹ tó bo orúnkún. Ẹsẹ̀ náà á ta síwájú fúnra rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ lè rẹ́rìn-ín, wọ́n lè rò pé eré ni. Kì í ṣe eré rárá.

Iṣan líle kan wà níbi tí wọ́n gbá yẹn, òun ló so iṣan itan mọ́ egungun ojúgun. Bí òòlù bá bà á, á fa iṣan itan lójijì. Ọlọ́hun fi àwọn olùṣọ́ kéékèèké sínú iṣan itan náà. Wọ́n á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé a ti fà á. Wọ́n á fi ìròyìn ránṣẹ́ lórí fọ́nrán tín-ín-rín kan lọ sínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Níbẹ̀ ni fọ́nrán mìíràn ti máa gba iṣẹ́ náà, tí yóò gbé e padà sí iṣan itan kan náà pé kí ó sún kì. Ẹsẹ̀ á sì ta. Láti ìgbà tí òòlù bà á títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí ta, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ kíyè sí i pé ọpọlọ kọ́ ló pàṣẹ yẹn. Ó dà bí ọ̀rọ̀ baálẹ̀ abúlé àti ọba. Bí iná bá sọ ní abúlé, baálẹ̀ kò ní í dúró di ìgbà tí ìránṣẹ́ bá dé ààfin Ọbaro kí ó tó ní kí wọ́n pa á. Á ṣe tirẹ̀ ná, ọba á gbọ́ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọba ló ń kó baálẹ̀ níjàánu kí ó má baà ṣe àṣejù. Mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ni baálẹ̀ wa yìí, ọpọlọ ni ọba, àwọn fọ́nrán yẹn sì ni ìránṣẹ́. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ohun tí dókítà ń wá.

Ní ọdún 1875 ni dókítà méjì ní ilẹ̀ Jámánì, Wilhelm Erb àti Carl Westphal, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn kan náà. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà káàkiri ayé ti ń bi orúnkún léèrè ọ̀rọ̀. Ìdáhùn mẹ́ta ló sì lè fún wọn.

Èkínní, orúnkún lè dákẹ́. Ìyẹn ni pé a gbá a, kò ta. Èyí ń tọ́ka sí i pé ìránṣẹ́ ló ṣubú lójú ọ̀nà, tàbí pé baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fara gbọgbẹ́. Bí ibà bá mú ọmọdé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì rọ jọwọlọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí orúnkún ẹsẹ̀ náà kò dáhùn, ṣùgbọ́n tí ọmọ náà ṣì ń mọ̀ ọ́n lára bí a bá já a léèékánná, ọkàn dókítà á lọ sí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ gbọ́ kíákíá, kí wọ́n lè gba ìgbẹ́ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì fún àyẹ̀wò kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé.

Ọ̀rọ̀ àrùn yìí kàn wá gan-an gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí. Ní ọdún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òkè ọya dá àjẹsára rẹ̀ dúró nítorí àhesọ pé wọ́n fẹ́ fi sọ àwọn ọmọ Mùsùlùmí di àgàn. Ní Kánò, ó di ọdún 2004 kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìgbà náà, àrùn náà gbilẹ̀, ó sì ti ilẹ̀ wa tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé irú rẹ̀ àtilẹ̀wá ti kúrò ní Áfíríkà. Àwọn ọmọ tí wọ́n rọ ní ẹsẹ̀ nítorí àhesọ yẹn ti di géńdé báyìí. Ẹ rí ohun tí ìròyìn tí a kò wádìí lè dá sílẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ sí ìdí ní ibi tí kò yẹ. Bí abẹ́rẹ́ bá ba fọ́nrán ńlá tó gba ìdí kọjá jẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ á máa wọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ á ṣì dáhùn, nítorí pé fọ́nrán ti orúnkún kò gba ìdí kọjá. Ọrùn ẹsẹ̀ ni yóò dákẹ́. Ẹ wo bí ẹ̀rí ṣe pé tó! Ẹsẹ̀ kan náà ló rọ, ṣùgbọ́n orúnkún ló ń yà á sọ́tọ̀ bóyá àrùn ló ṣe é tàbí abẹ́rẹ́. Kò sí yanrìn tí a lè tẹ̀ tó máa sọ èyí fún wa.

Àrùn àtọ̀gbẹ náà wà níbẹ̀. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, á máa jẹ àwọn fọ́nrán ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dákẹ́ kí ó tó kan orúnkún, àtẹ́lẹsẹ̀ á sì kú tipiri, débi pé ènìyàn lè tẹ ìṣó kí ó má mọ̀.

Èkejì, orúnkún lè ta ju bó ṣe yẹ lọ. Baálẹ̀ wà láàyè, ìránṣẹ́ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ọ̀nà ààfin ti dí, ìjánu ọba kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ apá kan ara ló rọ, tí orúnkún apá ibẹ̀ sì ń ta kíkankíkan, inú ọpọlọ ni dókítà á kọ́kọ́ wò, pàápàá fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Lóòótọ́, ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ orúnkún náà lè dákẹ́ kí ó tó wá di pé ó ń ta ju; ìdí nìyí tí dókítà fi ń bi wá ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì ló rọ, tí orúnkún méjèèjì ń ta ju, tí ọwọ́ sì le koko, ọ̀pá ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà. Ikọ́ ife lè wọ egungun ẹ̀yìn, kí ó jẹ ẹ́, kí ẹ̀yìn sì yọ iké. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lè má wúkọ́ rárá. Oògùn ikọ́ ife jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọ̀pọ̀ tó bá sì tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló máa ń padà rìn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi oṣù mẹ́fà wá àjẹ́ kiri, mùdùnmúdùn tí egungun ti tẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lè má bọ̀ sípò mọ́.

Ẹ̀kẹta, orúnkún lè dáhùn déédéé lọ́tùn-ún lósì. Èyí náà jẹ́ ẹ̀rí. Ó ń sọ fún dókítà pé kí ó wo ibòmíràn.

Ẹlẹ́rìí kan kò tó

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka èyí tán kí ó lọ gbé òòlù kó máa gbá orúnkún ará ilé kiri. Orúnkún àwọn kan wà tí ara wọn le koko, síbẹ̀ tí kì í fẹ́ dáhùn. Nígbà mìíràn dókítà á ní kí aláìsàn fi ìka ọwọ́ méjèèjì kọ́ ara wọn kí ó sì máa fà wọ́n. Bí ọkàn rẹ̀ bá ti kúrò lára ẹsẹ̀, orúnkún tó ń ṣe agídí á dáhùn. Dókítà Jendrassik, ará Hungary, ló kọ́ àwọn dókítà ní ọgbọ́n yìí. Dókítà á sì tún fi ọ̀tún wé òsì, á wo agbára ẹsẹ̀, á wo bóyá aláìsàn ń mọ ìfọwọ́kàn lára, á wo ọrùn ẹsẹ̀, á gba ẹ̀jẹ̀ tàbí kí ó ya fọ́tò egungun. Ẹ̀sìn wa pàápàá kò fi ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo dá ẹjọ́ tó wúwo. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá wa níbí ṣe àpẹẹrẹ. Ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú, àwọn kan wà tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn á máa jó wọn bí iná, tí wọ́n á máa ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú wọn á di bàìbàì, tí etí àwọn mìíràn á sì di. Ẹ ro ohun tí àwọn ará àdúgbò á máa sọ nípa irú ènìyàn bẹ́ẹ̀!

Ní àwọn ọdún 1960, ọmọ Yorùbá kan dìde láti wádìí rẹ̀. Òun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, tí a bí ní 1935, tó sì kú ní 1995. Ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn ló ti ṣiṣẹ́. Ó yẹ àwọn aláìsàn náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dáhùn mọ́, ti orúnkún náà sì ti dákẹ́ lára àwọn kan. Ẹ̀rí yìí fi hàn pé fọ́nrán ara ló ń kú. Ó wá wo ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì wo oúnjẹ wọn. Ó rí i pé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, láìsí ẹran tàbí ẹja tó pọ̀ tó. Májèlé kan tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì wà nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò bá ṣe dáadáa, ibẹ̀ ni ó gbé ẹ̀sùn náà kà. Ní 1968 ni ó tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Kò parí síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn padà lọ sí Ọ̀ṣọ̀sà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2000, wọ́n rí i pé àìsàn náà ṣì wà lára nǹkan bí ènìyàn 6 nínú 100 tí wọ́n yẹ̀ wò. Àwọn kan lára wọn tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí béèrè bóyá ẹ̀gẹ́ nìkan ló tó láti fà á. Ẹ wo ìwà àwọn onímọ̀: lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ṣì ń béèrè ẹ̀rí sí i kí wọ́n tó dá ẹ̀gẹ́ lásán lẹ́bi. Àwa ńkọ́, tí à ń dá ìyá tó bí baba wa lẹ́bi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan?

Ẹ jẹ́ kí á tún fi ti ilẹ̀ Kóńgò kún un. Níbẹ̀, àìsàn mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní konzo. Ó máa ń kọlu àwọn tí ọ̀dá tàbí ogun bá mú kí wọ́n jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò láìrẹ ẹ́ pẹ́ tó. Ẹsẹ̀ méjèèjì á le gbagidi lójijì, orúnkún á sì máa ta kíkankíkan. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fura sí ní ibi méjèèjì, ṣùgbọ́n orúnkún ti Kóńgò ń pariwo, ti Ìjẹ̀bú ń dákẹ́. Nípa èyí ni àwọn dókítà fi mọ̀ pé ọ̀nà ààfin ló bàjẹ́ lọ́hùn-ún, pé ìránṣẹ́ ló ń ṣubú níbí.

Nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ Ọ̀ṣọ̀sà tí kò yẹ kí á gbàgbé. Àìsàn náà pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, àwọn ìyá àgbà ló sì pọ̀ sí lára jù. Ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, tó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, tí kì í gbọ́ bí a bá kí i, tó ń sunkún lóru pé iná ń jó òun lẹ́sẹ̀, ǹjẹ́ òun kọ́ ni àwọn ènìyàn máa ń tètè pè ní àjẹ́? Aláìsàn tó yẹ kí á gbé lọ sí ilé ìwòsàn ni wọ́n ń sọ lókùúta.

Ṣé a ń sọ pé kò sí oògùn ìkà ni?

Ẹnì kan lè bi wá pé ṣé a sẹ́ sihr ni. A kò sẹ́ ẹ. Kùránì mẹ́nu bà á, ó sì kọ́ wa bí a ó ṣe sá di Ọlọ́hun kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbígbà pé olè wà láyé kò fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti nawọ́ sí aládùúgbò rẹ̀ pé òun ni olè. Ànábì sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá lọ bi aláfọ̀ṣẹ léèrè ọ̀rọ̀, ìrun ogójì òru rẹ̀ kò ní í jẹ́ gbígbà. Àwọn ará ìgbèríko bi Ànábì bóyá kí àwọn máa wá ìwòsàn. Ó ní kí wọ́n wá a, nítorí pé Ọlọ́hun kò sọ àìsàn kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀, àyàfi ogbó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí á mú nǹkan márùn-ún yìí lò.

1. Bí ẹsẹ̀ ará ilé yín bá rọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Bí ti Kàbà bá ní kí ẹ lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin, ẹ má ṣe yà sí ilé aláwo lójú ọ̀nà.

2. Ẹ fi àdúà àti rukya kún ìtọ́jú. Ẹ má fi wọ́n dá ìtọ́jú dúró.

3. Ẹ má gbà kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà gún ọmọ yín ní abẹ́rẹ́, kí ẹ sì mú ọmọ lọ gba àjẹsára rẹ̀ pé.

4. Ẹ rẹ ẹ̀gẹ́ pé ọjọ́ tó yẹ, ẹ jẹ́ kí gààrí kan dáadáa nínú àpò kí ẹ tó yan án, kí ẹ sì fi ẹ̀wà tàbí ẹja kún oúnjẹ ilé.

5. Bí wọ́n bá ń fẹ̀sùn kan ìyá àgbà nínú ilé, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi àwọn bàbá wa pé: kí ni ẹ̀rí? Ẹ kúnlẹ̀ béèrè, ẹ dọ̀bálẹ̀ béèrè, ṣùgbọ́n ẹ béèrè.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá sì lè gbé e dúró fún ìrun, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ṣe ẹlẹ́yà. Ànábì ti yọ̀ǹda fún un láti jókòó kírun, bí kò bá lè jókòó, kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú Súrátu Yāsīn, ọjọ́ tí Yóò fi èdìdì di ẹnu, tí ọwọ́ yóò sọ̀rọ̀, tí ẹsẹ̀ yóò sì jẹ́rìí. Ọlọ́hun tó lè mú orúnkún jẹ́rìí lábẹ́ òòlù rọ́bà lónìí, kò ní í ṣòro fún Un láti mú un jẹ́rìí lọ́la. Bí ẹsẹ̀ wa bá rìn lọ sí ilé aláfọ̀ṣẹ láti lọ ra orúkọ aláìṣẹ̀, yóò sọ ọ́. Bó bá gbé aláìsàn lọ sí ibi ìwòsàn, tó sì gbé wa lọ bẹ ìyá àgbà wò, yóò sọ ìyẹn náà.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Kí Ó la àwọn dókítà wa ní òye. Kí Ó ṣọ́ ahọ́n wa lọ́wọ́ ẹ̀sùn èké, kí Ó sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa jẹ́rìí gbè wá, kí ó má jẹ́rìí takò wá. Āmīn.